Fínfín Ló Ń Kẹ́yìn

Nígbà tí agbẹ́gilére Ìlá-Ọ̀ràngún bá jókòó ti ìtì igi, kì í ti ojú bẹ̀rẹ̀. Àáké ló kọ́kọ́ ń gbé. Yóò ṣá igi náà títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ, bí ọmọ tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọnà lílé. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, níbi tí etí, imú àti ọwọ́ ti ń yà kúrò lára odidi. Lẹ́yìn náà ni dídán. Ìgbà tí ara igi bá jọ̀lọ̀ tán ni ọ̀bẹ mímú tó jáde fún fínfín: irun dídì, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀, ọnà ara aṣọ. Father Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó wà lára àwọn tó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, kọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967.

Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Ìlá sínú ìdílé tó ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran, gba ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mejì: ó kọ́ ọ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó tún lọ kọ́ ọ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Àrèògún ará Òsì. Ère Odùduwà tó gbẹ́ ní 1987 wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, fínfín ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, òun ló kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká mú ọ̀kan, kí òun náà jẹ́ ọmọ Ìlá, ká má sì dárúkọ rẹ̀ torí pé wọ́n pọ̀. Wọ́n ní kó ya ilé ẹ̀kọ́ alájà mẹ́rin tó ní yàrá ìwádìí, kó tún ya ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá mọ́ nílùú tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera fún ní 2021. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé, òrùlé kò tíì sí, àtẹ̀gùn kò tíì mọ ibi tí yóò gbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ní ọwọ́ ìdìmú, ọwọ́ ìdìmú ti ní ihò kọ́kọ́rọ́, ìdè mẹ́rin sì ti yí ihò náà ká. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ 140, ìdè ti di 560 nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò rí ẹyọ kan nínú wọn lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n 1:100. Ó tún lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti igi òdòdó wá, tewétewé.

Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, ó tẹ fáìlì náà kó ṣí, ó dìde lọ jẹ àmàlà, ó padà dé, àmì róbótó náà ṣì ń yí. Ó sún ògiri kan, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú.

Ó ti háńgì.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á wá owó, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n á ra tòkunbọ̀ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìrìn ìgbín tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilé tí wọ́n kọ́ sínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwòrán lásán. AutoCAD, ètò ìyàwòrán tí ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé jáde ní 1982, ìlà ló mọ̀. Ìlà tí wọ́n fà síbẹ̀ kò mọ̀ pé ògiri lòun. Revit, irú èyí tí ọ̀dọ́ wa ń lò, tó jáde ní 2000 tí Autodesk sì ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní 2002, mọ ògiri. Ó mọ ilẹ̀kùn tó wà lára rẹ̀, yàrá tó pààlà fún, ilẹ̀ tó gbé e dúró, àti gbogbo ojú ìwé tó ti hàn. Agbo ilé ni: ẹnìkan kì í ṣípò kí àwọn yòókù má gbọ́. Sún ògiri kan díẹ̀ báyìí, èrọ náà á tún yàrá wọ̀n, á tún ilẹ̀kùn kà, á tún àwọn ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ yà. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń rà á. Torí èyí náà ló ṣe ń falẹ̀.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò sì ṣeé pín. Kọ̀ǹpútà lè ní ọpọlọ mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Revit, ọpọlọ kan ṣoṣo ló ń ṣe é, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́jọ wá sóko àáró tí ọkọ́ kan péré wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń ra èrọ, kó wo bí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ṣe yára kó tó ka iye wọn. Ní ti ráàmù, Autodesk sọ pé 16 GB sábà máa ń tó fún fáìlì kan tó tó nǹkan bí 100 MB. Àwọn kan ń gbé 600 MB lé 8 GB, wọ́n sì ń ṣépè fún bátìrì. Lóòótọ́, bátìrì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: bí iná ọba bá lọ, ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù máa ń dín agbára ara wọn kù kí bátìrì lè pẹ́, iṣẹ́ á sì rọ lójijì.

Àìsàn kan tún wà tó máa ń bá ìwé sọ́fè wọlé, ó sì tọ́ ká dúró lé e lórí. Awọnlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ní ìlànà UTM tí wọ́n ń lò, ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n ti ń ka mítà lọ sí àríwá. Ìlá wà ní nǹkan bí 887,000 mítà síbẹ̀. Nọ́ńbà ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 709,000. Bí ọ̀dọ́ wa bá kó fáìlì awọnlẹ̀ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà yìí bó ṣe wà, tó sì kọ́ ilé lé e, ilé rẹ̀ ti fi ohun tó lé ní 1,000 kìlómítà jìnnà sí ibi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ń ka òdo. Nǹkan bí kìlómítà 16 sí ibẹ̀ ni Revit fẹ́ kí ilé mọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà á gùn débi pé ìṣirò kò ní gún mọ́: ìlà á máa gbọ̀n, ohun róbótó á di onígun, ìkìlọ̀ á máa jáde. Oògùn rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Kí ó mú òkúta ààlà kan, kí ó gbé e sẹ́bàá òdo, kí ó wá sọ nọ́ńbà rẹ̀ tòótọ́ fún mọ́dẹ́ẹ̀lì. Àwọn Ìgbómìnà, ẹ̀yà àwọn ará Ìlá, tí ìtàn sọ pé àdá ògbó ló mọ ọ̀nà fún wọn, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí pé ó yẹ kéèyàn mọ ibi tó ti gbéra.

Ìyókù jẹ́ ilé gbígbá. Ohun tí kò lò, kí ó pa á rẹ́ nínú fáìlì. Ojú ìwé tí kò wò, kí ó pa á dé. Ìkìlọ̀ pé ògiri méjì gorí ara wọn, kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá dé, torí pé ẹni tó ń tẹ OK lójoojúmọ́ yóò bá ẹgbẹ̀rún méjì pàdé lọ́jọ́ kan. Ààfin Yorùbá pàápàá kì í ṣe yàrá gbàǹgbà kan. Àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní fáìlì tirẹ̀, kí yàrá ìwádìí ní tirẹ̀, kí páìpù àti wáyà ní tiwọn, kí fáìlì kan sì so gbogbo wọn pọ̀.

Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà, AIA, gbé ìwé àdéhùn kan jáde tó pín kíkún mọ́dẹ́ẹ̀lì sí ìpele márùn-ún, láti LOD 100, tí ilé ṣì jẹ́ odidi lásán, dé LOD 500. Inú òǹkọ̀wé yìí dùn nígbà tó kọ́kọ́ kà á. Ìpele mẹ́rin ni ti Ìlá, wọn ò sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kankan. Ẹni tó bá fín igi kó tó dán an, ọ̀gá rẹ̀ á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó wá le jù fún ọ̀dọ́ wa ni òpó. Ó fẹ́ kí àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ náà ní òpó ọlọ́nà mẹ́jọ, irú èyí tí àwọn Ìgbómìnà ń gbẹ́ fún ààfin: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó pọn ọmọ. Ó fi fóònù ya òpó kan yíká, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún fọ́tò, kọ̀ǹpútà sì fi wọ́n mọ òpó tó jọ ti gidi débi pé ojú àáké hàn lára rẹ̀. Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi mọ òpó yẹn nìkan lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó gbé mẹ́jọ sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ohun gbogbo dákẹ́.

Ó kó wọn jáde. Ó tọ́jú fọ́tò náà sí fáìlì ọ̀tọ̀ fún ẹni tí yóò gbẹ́ igi, ó sì padà sí ọnà lílé. Fáìlì náà ń ṣí báyìí kí omi tó hó. Òpó mẹ́jọ dúró ní àbáwọlé, róbótó, wọ́n ga bó ṣe yẹ, wọ́n nípọn bó ṣe yẹ, wọn ò ní ojú, wọn ò ní ẹṣin, nọ́ńbà kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi tí wọ́n máa fi gbẹ́ wọn ṣì wà lóòró nínú igbó.