Ẹ Má Pè É Ní Àbíkú

Ní Molútẹ̀hìn tiwa, létí òkun Ìlàjẹ, ẹni tí ó bá ń yan ẹja tà kò gbọdọ̀ ṣàì ní ológbò, nítorí eku. Tiwa bí ọmọ 4. Mẹ́ta ń ta kìtìkìtì kiri. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá sáré díẹ̀, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá kan ládùúgbò wa ní àbíkú ni, pé kí a ju ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sómi kí wọ́n má baà mú ibi wọlé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókọ̀dá, mo sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ó fi ẹ̀rọ etí gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ìró ọkàn náà kò mọ́, ó ń dún ṣìì. Ihò wà lára rẹ̀.

Ó là á yé mi báyìí: oyún ológbò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn ọmọ inú kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò lọ. Ọ̀pá náà á lọ́ po, ògiri á hù nínú rẹ̀ títí yóò fi di yàrá 4. Bí ògiri àárín yàrá 2 ìsàlẹ̀ kò bá pàdé tán, ihò á ṣẹ́kù. Akànkọ̀ mọ èyí: pákó méjì tí kò bá pàdé, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn ìbí, agbára apá òsì ọkàn ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí ara á gba ihò náà padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Mímí á wá di iṣẹ́.

Nígbà mìíràn àjogúnbá ni. Òògùn làpálàpá tí a ń pè ní griseofulvin pàápàá lè ba ọmọ inú ológbò jẹ́. Ẹ má fún ológbò tí ó lóyún.

Ihò kékeré kì í pa ológbò. Ti ọmọ yìí tóbi. Ó kú ní oṣù kẹta. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ẹja wa.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá aládùúgbò wa, wọ́n dákẹ́ lọ títí. Wọ́n ní ọmọ àwọn kan mí bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó kú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin olùkọ́, irú ihò yìí ń bẹ lára ọmọ ènìyàn náà. Ọmọ ọwọ́ tí ó bá ń làágùn nídìí ọyàn, tí kò sanra, tí ètè rẹ̀ ń dà bí aró, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ ọ́ lábẹ nítorí àbíkú.