Ayédèrú Ni Mo Pè É

Lọ́mọdé, mo máa ń fi télọ̀ àdúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ń lẹ àmì òyìnbó mọ́ aṣọ. Ayédèrú ni mo pè é.

Ẹ wá gbọ́ ti Dapper Dan o. Ní 1982, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Harlem, New York. Ó tẹ àmì Gucci sára awọ; àwọn télọ̀ ará Sẹ̀nẹ̀gàl bá a rán an fún àwọn olórin ráàpù. Oge náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pè é lẹ́jọ́ títí ó fi kógbá sílé ní 1992.

Ní 2017, Gucci fúnra wọn gbé jákẹ́ẹ̀tì tó jọ tirẹ̀ jáde! Ariwo ta, wọ́n sì bá a dòwò pọ̀.

Ta wá ni ayédèrú? Ǹ bá bẹ télọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti kú.