Àwọn Ọ̀bọ Lẹ́kkí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé kò sí ohun mìíràn ní Èkó ju ilé, ọkọ̀ àti ariwo lọ. Ẹni tí ó bá ń rò bẹ́ẹ̀ kò ì tíì dé ọgbà ẹranko tí ó wà ní Lẹ́kkí, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọgbà náà kò tóbi púpọ̀, héktà 78 péré ni. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, èyí tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ṣètò rẹ̀ ní 1990, kí igbó àti irà etí òkun má bàa tán pátápátá níbẹ̀.

Èmi, ìyàwó mi, ìyá mi àti àwọn ìbejì wa ni a jọ lọ. Opó ọdẹ ni ìyá mi. Kò sí ẹran igbó tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè rí, àfi ọ̀bọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ afinimọ̀nà wa kọ́kọ́ bẹ̀ wá pé kí á fi gbogbo oúnjẹ wa pamọ́. Afárá pákó ni a ń gbà kọjá lórí irà. Omi ibẹ̀ dúdú bí aró, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ewé tí ó ti jẹrà sínú rẹ̀. A wá ọ̀nì títí, a kò rí i. Afinimọ̀nà wa ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀nì ti rí àwa.

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀bọ fi yọ. Irú èyí tí à ń pè ní mona ni wọ́n, tí ẹ̀yìn wọn pọ́n rúsúrúsú, tí àyà wọn sì funfun. Ọ̀kan bẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó na ọwọ́. Bàbá kan tí ó ṣáájú wa ju bísíkíìtì sí i. Ọ̀bọ náà kì í bọ àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún na ọwọ́. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé náà bá ki ọwọ́ bọ àpò mi láti mú ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ìyá mi gbá a lọ́wọ́ mú.

“Ìyá àgbà, ebi ń pa á.”

“Ebi kò pa á. Bàbá àgbà yín a máa sọ pé ẹran tí ó bá ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn, ọdẹ kò fi ìbọn wá a mọ́. Kùmọ̀ lásán tó o.”

Afinimọ̀nà wa fi kún un pé ọ̀bọ tí ó bá ti mọ adùn bísíkíìtì yóò máa já àpò gbà lọ́wọ́ àlejò, ó sì lè gé ọmọdé jẹ. Àìsàn ara ènìyàn lè ràn án, tirẹ̀ náà sì lè ran ènìyàn. Bàbá náà dáhùn pé ẹyọ kan péré ni òun jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹyọ kan péré yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù: ojoojúmọ́ ni àlejò ń wọlé, olúkúlùkù sì ní ẹyọ kan péré tirẹ̀.

Táyé bi ìyá mi ìdí tí kò fi jẹ ọ̀bọ rí. Ó ní ilé ìbejì ni wọ́n bí òun sí, ẹdun sì ni ìbejì. Ẹdun gan-an dúdú ó sì funfun, kì í ṣe irú ọ̀bọ yìí, ṣùgbọ́n ilé wọn kò yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú èèwọ̀ náà. Mo rò ó pé kí ìjọba tó ṣe òfin kankan ni irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ẹ̀mí ọ̀bọ là.

Lẹ́yìn èyí, èmi àti àwọn ọmọ gun afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni. Ìyá mi kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ti ọ̀bọ. Láti òkè, a rí ibi tí igbó parí sí àti òrùlé ilé lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Táyé bi afinimọ̀nà, “èwo ni ó kọ́kọ́ dé ibí, àwọn ilé wọ̀nyẹn tàbí àwọn ọ̀bọ?”

“Àwọn ọ̀bọ ni.”

“Nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ náà, ta ni wọ́n san owó rẹ̀ fún?”

Afinimọ̀nà wò mí, èmi náà wo òrùlé. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Táyé gbé ìbéèrè náà tọ ìyá mi lọ, àwọn méjèèjì sì ń bá a fà títí a fi délé.