Aràn Inú Ṣọ́lé, Ajá Wa

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé kí ni ó kan pásítọ̀ kan aràn ajá. Ẹ ní sùúrù fún wa.

Ní ọdún 2018, nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa ní Ayétòrò, ọdẹ kan ládùúgbò fún wa ní abo ajá kékeré kan. Àwọn olè ń yọ wá lẹ́nu ní ilé míṣọ́n nígbà náà, nítorí náà a sọ ọ́ ní Ṣọ́lé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń wú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó bì, a sì rí aràn funfun gígùn méjì tí wọ́n ká jọ bí okùn nínú èébì náà. Ìyàwó wa kò lè jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà.

A ra oògùn aràn lọ́jà, a fún un, aràn sì jáde bẹẹrẹ. Inú wa dùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n tún dé. A tún ra oògùn, wọ́n lọ, wọ́n tún padà. A ní ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún wa, a sì bínú gidigidi sí ẹni tó tà á. (A ti padà lọ bẹ̀ ẹ́.) Olúkúlùkù wá ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹnì kan ní omi ewúro ni, ẹlòmíràn ní kí a fi ọ́ìlì dúdú inú ọkọ̀ pa á lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán ti ọ́ìlì yẹn wò o. Májèlé ni, ajá yóò sì máa fi ahọ́n lá a.

Ní ọdún 2020, Ṣọ́lé bí ọmọ mẹ́fà. Mẹ́ta kú kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, a kò sì ní parọ́ fún yín, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. A ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta. À ń lé àwọn ọ̀tá lóru, ìgbẹ́ ajá sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa.

Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún márùn-ún, ló là wá lójú. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré nínú iyanrìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ìlà pupa wọ́kuwọ̀ku kan sì hàn níbẹ̀, tó ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ọmọ náà kò lè sùn. Dókítà tó wò ó bi wá léèrè pé: "Pásítọ̀, ṣé ẹ ní ajá nílé?" Ó ní ọmọ aràn ajá ló ń rìn lábẹ́ awọ ọmọ wa. Ó fún un ní oògùn, ìlà náà sì parẹ́.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni a gbé Ṣọ́lé lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n fi awò asọnǹkan-kékeré-di-ńlá wo ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí ẹyin aràn oríṣi méjì. Èkíní ni aràn gígùn tí a ti rí. Èkejì kéré, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu. Èyí ni ọmọ rẹ̀ máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn wọlé láti inú ilẹ̀ tútù.

Dókítà ẹranko náà ní oògùn ń pa aràn tó wà nínú ìfun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aràn mìíràn a máa sùn nínú ẹran ara abo ajá, níbi tí irú oògùn tí a ń rà kò ti lè bá wọn. Bó bá lóyún, wọn a jí, wọn a sì wọ inú àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó bí wọn. Àwọn mìíràn ń bá omi ọmú lọ. Ojú tì wá nígbà tí a rántí ìṣọ́ òru wa. A kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà o.

Ẹyin aràn gígùn náà kò lè ranni lọ́jọ́ tó bá jáde. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú ilẹ̀ kí ó tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí ọmọdé bá fi ọwọ́ oníyanrìn sẹ́nu, ó lè gbé e mì, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ṣọ́bìrì àti kòtò fi ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Àràárọ̀ ni à ń kó ìgbẹ́ Ṣọ́lé báyìí, tí a sì ń bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà sílé. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí ajá tiyín, aràn pẹlẹbẹ ni. Kòkòrò tín-ín-tín tí ń fò nínú irun rẹ̀ ló sábà máa ń gbé e wá, kì í sì í ṣe gbogbo oògùn aràn ló ń pa á. Ẹ pa kòkòrò náà pẹ̀lú.

Wọ́n kọ́ wa pé kí ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí a máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Àgbà ajá, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka oògùn fún un, kì í ṣe ojú lásán.

Àbíkẹ́yìn wa ló ń fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ oògùn lórí kàlẹ́ńdà pálọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti ń wá Bíbélì wa láti jáde, ó nàró sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà, ó ní: "Bàbá, ti Ṣọ́lé dọ̀la o."