Ẹni Tó Sùn Là Ń Jí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Òwe yìí fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tí oorun gbé lọ àti ẹni tí ó kàn di ojú lásán. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kẹta tí òwe náà kò dárúkọ: ẹni tí ó sùn ní tòótọ́, tí ìpè kò sì dé etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ kí n ronú kan ẹnì kẹta yìí.

Ọgbọ́n kan wà tí a fi ń jí kọ̀ǹpútà tí a ti pa, láìfọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1997 ni iléeṣẹ́ IBM àti Intel gbé e jáde, wọ́n sì pè é ní Wake-on-LAN. Bí a tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, káàdì tí ó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì a ṣì máa mu iná díẹ̀, bí etí tí ó ṣí sílẹ̀ nígbà tí ojú ti pàdé. Ìpè tí à ń fi ránṣẹ́ sí i kò ju báìtì 102 lọ: mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ìkìlọ̀ pé ìpè ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni àdírẹ́sì káàdì náà, tí í ṣe báìtì 6, yóò tẹ̀ lé e ní ìgbà 16 léraléra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ojú odù mẹ́rìndínlógún síbẹ̀ o. Iye ni ó kàn bá ara mu. Gbogbo ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni ìpè yìí ń kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orúkọ nìkan ní í jí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú agbo ilé: bí ìyá bá pe Àjàyí lóru, gbogbo yàrá ni ó gbọ́, Àjàyí nìkan ní í dáhùn.

Ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kọ̀ǹpútà alágbára 12 wà nínú yàrá kan tí à ń tì pa. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní thin client, tí kò ní agbára púpọ̀ fúnra rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lò wọ́n láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Nígbà tí a kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé kejì, ìpè òwúrọ̀ kò jí ẹyọ kan mọ́. Kíá ni wọ́n di ẹ̀bi náà ru Bàbá ọlọ́dẹ. Wọ́n ní òun ni ó ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lóru; ìwé ìdádúró rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì ti wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá mi, n kò fọwọ́ kàn án," ni ó wí fún mi.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan," ni èsì mi.

Mo gbé kọ̀ǹpútà kan tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ sínú yàrá náà, mo sì fi ètò Wireshark sí i kí ó máa fetí sí ohun tí ó ń kọjá. A pè láti ilé kejì. Kò gbọ́ nǹkan kan. A pè láti inú yàrá náà. Ó gbọ́, 9 nínú àwọn 12 sì jí lójú ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ìpè ti ń sọnù. Ráútà tí ó wà láàárín ilé méjèèjì kì í jẹ́ kí igbe tí a ké sí gbogbo ẹ̀rọ kọjá. A wá fi iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ kan tí a kì í pa nínú yàrá náà lọ́wọ́: a ó rán an níṣẹ́ láti ilé kejì, òun a sì bá wa ké. Àwọn mẹ́ta tí ó kù jẹ́ ògbólógbòó. Bí iná ìjọba bá lọ lóru, etí wọn a dí, kì í sì í ṣí nígbà tí iná bá dé, àfi ìgbà tí a yí ètò BIOS wọn padà kí wọ́n lè máa tan fúnra wọn. Wọ́n ya ìwé Bàbá.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ṣùgbọ́n ìjánu tí okùn rẹ̀ já kò lè fa ẹṣin. A yára láti bú àwọn ọmọ wa tí kì í fi èdè abínibí wọn dá wa lóhùn. A ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí wa ni. Ṣé a ti pè wọ́n dé ibi tí wọ́n wà? Kí a tó sọ pé ẹnì kan ń pirọrọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ ojú ọ̀nà tí ohùn wa gbà lọ.