Olùkọ́ Tuntun ní Shizuoka

Oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Oṣù náà ni èmi pẹ̀lú dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Shizuoka, pẹ̀lú bàtà dúdú tí mo rà tìtorí iṣẹ́ tuntun. Bàtà náà kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni tolùkọ́ tọmọ ti ń bọ́ tiwọn, kí wọ́n tó wọ èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún inú ilé. N kò mú irú rẹ̀ dání. Sálúbàtà àlejò tí wọ́n fún mi kò gba ẹsẹ̀ mi tán, òun ni mo sì ń wọ́ nílẹ̀ lọ síwájú àwọn ọmọ 33.

Ibẹ̀ rẹwà, ẹ̀yin òǹkàwé. Oko tíì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gé e rẹ́gírẹ́gí bí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Bí ìkùukùu bá fàyè sílẹ̀, òkè Fuji, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,776, a yọjú láti fèrèsé.

Láti ọdún 2020 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di ojúlówó iṣẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìpele karùn-ún àti ìkẹfà níbẹ̀. Eré àti orin ni ti ìpele kẹta àti ìkẹrin: ìgbà 35 lọ́dún, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan. Ìpele kẹta ni tèmi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ nípa ara mi; mo kà á, mo nawọ́ sí máàpù, mo béèrè ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ó tó di ìṣẹ́jú 20, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, òógùn sì ti bò mí.

Inú kíláàsì la ti jẹun ọ̀sán. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló wọ aṣọ funfun, tí wọ́n dé fìlà, tí wọ́n bu oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwa olùkọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan tirẹ̀ títí gbogbo wa fi dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyáàfin tó ni kíláàsì, ẹni tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, rọra sọ fún mi pé, "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn ríṣẹ́ ṣe."

Mo gbà sí i lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bọ́ọ̀lù kékeré ni mo mú wọlé: ẹni tí mo bá jù ú sí yóò dárúkọ ohun tó fẹ́ràn. Ariwo sọ! Ọmọkùnrin kan ní "miruku" ni tòun. Mo ti lanu láti tún un ṣe ni mo rántí pé "mílíìkì" ni ìyá mi ń pè é. Èdè wọn, bíi tiwa, a máa fi fáwẹ̀lì la àárín kọ́ńsónáǹtì méjì tó bá fẹ́ dúró ti ara wọn. Ohùn pàápàá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí "ame" bá bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì wálẹ̀, òjò ni, bó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó gòkè, súwíìtì ni. Ta ni ìbá tètè lóye èyí ju ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ?

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ti kìlọ̀ pé kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé mo ní èdè mìíràn, kí àwọn òbí má baà kọminú. Owó oṣù ni mo bá lọ, mo dákẹ́. Ó dùn mí ju bí mo ti rò lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí kì í lanu rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ létí, ìyẹn sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: báwo ni mo ṣe ń kí ìyá mi láàárọ̀? Mo lè parọ́. Mo kọ "Ẹ káàárọ̀" sójú pátákó, mo ní "káàárọ̀" lásán wà fún ọ̀rẹ́. Kò ṣàjèjì sí wọn: "ohayō" ni wọ́n ń kí ọ̀rẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n bó bá di ti olùkọ́, wọ́n á fi "gozaimasu" kún un. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀" ni wọ́n fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ kò tíì gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n lè má tún ìwé àdéhùn mi ṣe.

Ní oṣù kẹfà, àkókò òjò wọn dé. Ọmọbìnrin náà nàka sí fèrèsé, ó ní, "Ame." Ó ní, "Rain." Ó wá tẹjú mọ́ mi, ó ń dúró de ìkẹta.

"Òjò," ni mo wí.

Ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. A tún un sọ.