Omi Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ààwẹ̀ ọdún 2025. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta la gbé e, ooru sì mú gan-an lásìkò náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran, n'Ìkẹjà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: a jẹ sàárì tán, a kírun Àsùbáà, a sáré wọ mọ́tò, ó di ìdí ẹ̀rọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo dé ilé wa ní Agége ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí ilé ìdáná, mo bá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Màámi, mi ò mu nǹkan kan o." Omi ṣì ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo pè é ní òpùrọ́, mo bi í bóyá kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ló gbọ́. Ẹ wò ó, ọmọ tí kò tíì bàlágà, tí Ọlọ́run kò tíì sọ ààwẹ̀ di dandan fún, ni mo dúró tì tí mo ń bú bí ẹni tó jalè. Láti ọjọ́ náà, kò mu omi nílé ìdáná mọ́. Balùwẹ̀ ló ń lọ, á sì ti ilẹ̀kùn.

Báwo ni tàwa ṣe rí nígbà tá a wà lọ́mọdé? Ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí kò jìnnà sí ojú irin ni mo dàgbà sí. Lóru, àwọn ajísàárì á gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú ìlù àti agolo, wọ́n á máa kọ wéré. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ orin láti kékeré, kó tó sọ ọ́ di fújì. Àwa ọmọdé la máa ń bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jí wa. Ààwẹ̀ ìdajì là ń gbà. Ọ̀sán la ti ń ṣínu, a ó sì máa ṣe fáàrí bí ẹni tó gbà á dé Màgàríbì. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti yàrá dé yàrá. Èmi ni mo máa ń gbé àkàrà àti ògì lọ fún ìyá Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ìjọ Àgùdà, ní yàrá òdìkejì. Àwọn Hausa tí òwò obì ti kó bàbá ńlá wọn wá sí Agége náà máa ń gbé dàbínù àti kunú jáde.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ìgbà náà ló dára. Wọ́n fi pàṣán kọ́ àwa kan nílé kéwú. Àwọn bàbá kan wà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kí tìyátọmọ wábi gbà ni. Ọmọ tòní mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà ju bá a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi bá mi nígun ilé lọ́jọ́ kan, àkàrà kún ẹnu mi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ta lo ń gba ààwẹ̀ fún?" Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sọ fún bàbá mi. Títí dòní ni mo ṣì ń dá ìbéèrè náà lóhùn nínú ọkàn mi.

Níbo lọmọ mi ti wá kọ́ irọ́? Mo da ọ̀rọ̀ yìí rò títí di òru, kí n tó rántí alájọ. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ omi yẹn lọ tó wá gba owó, tí kò sì sówó lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sórí àga, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ mi, mo ní kí ọmọ yìí kan náà lọ sọ fún un pé màámi kò sí nílé. Ó lọ, ó sọ ọ́ geere. Nígbà tó dé, mo kí i pé ó káre.

Nínú Súrátùl Bákárà, Ọlọ́run tó pa ààwẹ̀ láṣẹ náà ló fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láyè láti san án lọ́jọ́ mìíràn. Ànábì sì kọ́ wa pé ẹni tí kò fi irọ́ sílẹ̀, Ọlọ́run kò nílò ebi tó ń fi pa ara rẹ̀. Mo ti gbọ́ wàásù yìí láìmọye ìgbà. Ọmọ mi kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ohun tó rí lọ́wọ́ mi ló mú.

Àwọn ọmọ sì ń mú èyí tó dára náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há èmi àtàwọn ọmọ mi mọ́ inú dáńfó ní Pen Cinema, ìrun pè. Obìnrin kan tó ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àwọn Kristẹni, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹta náà, tú omi inú ọ̀rá rẹ̀ pín fún wa. Kò sẹ́ni tó wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn obìnrin yẹn làwọn ọmọ mi ń sọ káàkiri.

Nígbà tí alájọ padà wá, èmi fúnra mi ni mo jáde sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ di ìparí oṣù, ojú ń tì mí, ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo ń bó ẹ̀wà àkàrà lọ́wọ́ ní agogo mẹ́rin, ó wá bá mi. "Màámi, òùngbẹ ń gbẹ mí." Mo bu omi fún un. Ó jókòó tì mí, ó mu ún dé ìdajì, ó bi mí pé wákàtí mélòó ló kù fún èmi. Mo ní mẹ́ta. Ó gbé ife sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́, ó ń bá mi bó ẹ̀wà.